Dókítà Ológun Ojú Omi Tó Ń Ka Ẹyẹ

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọyẹ́ ti wọ Odígbó, ariwo ọkọ̀ agégẹdú lọ́nà Òrè náà sì ti ń rọlẹ̀. Kì í ṣe àlọ́ ìjàpá ni mo fẹ́ pa o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ṣé ẹ gbọ́ àgbìgbò tó fò kọjá nírọ̀lẹ́, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fùù-fùù bí ẹni ń fẹ́ná? Ta nínú yín ló lè ka gbogbo irú ẹyẹ tó wà nínú igbó ọba tiwa yìí?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka ti ìlú tirẹ̀. William Balfour Baikie ni. Kirkwall ni wọ́n bí i sí ní 1825, ní erékùṣù Orkney, lókè Skọ́tíláńdì. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh. Ní 1848, òun àti Robert Heddle tẹ ìwé jáde, wọ́n to orúkọ àwọn ẹyẹ àti ẹranko afọ́mọlọ́mú erékùṣù wọn sínú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ló di dókítà ológun ojú omi.

Lásìkò yẹn, odò Ọya ń gbẹ̀mí òyìnbó. Ní 1832, àwọn 48 wọ̀ ọ́, àwọn 9 péré ló padà. Ibà ni! Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Afẹ́fẹ́ àbàtà ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gbéra lọ sí odò yẹn kan náà. Beecroft tó yẹ kó ṣolórí kú kí wọ́n tó wọ odò, ni iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ dókítà wa. Òyìnbó 12, èèyàn dúdú 54. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn, wà nínú ọkọ̀ náà.

Lójú tèmi, ojú tó ń wá ìyàtọ̀ lára ìyẹ́ ẹyẹ ni Baikie fi ń wo èèyàn. Kò dúró de ibà. Kúnínì, oògùn tí wọ́n ń fà yọ lára èèpo igi kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ló ń fún wọn lò lójoojúmọ́, nígbà tára wọn ṣì le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ di imú tí mo bá gbé ife agbo dógóyárò dé, ẹ mọ bí ìkorò ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ahọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kúnínì.

Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò lórí odò. Wọ́n tọ odò Bẹ́núé lọ jìnnà ju ibi tí ọkọ̀ òyìnbó kankan tíì dé. Ẹnì kan ò kú. Àní, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo pàápàá ò kú!

Ó tún padà wá ní 1857. Àpáta fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí Jẹ́bà, síbẹ̀ kò sá lọ. Ó jókòó sí Lọ́kọ́ja níbi tí odò méjì ti pàdé, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń kọ́ èdè Haúsá.

Ní 1864 ló ń darí sílé. Sàró ló kú sí lóṣù Kejìlá, kò tíì pé ogójì ọdún: etíkun kan náà tí ọkọ̀ ogun òyìnbó ti gbé Àjàyí sọ̀ kalẹ̀ ní 1822, lẹ́yìn tó bọ́ lóko ẹrú.