Ṣé o mọ̀? Jẹjẹrẹ inú ìda
Kókó jẹjẹrẹ tí oníṣẹ́ abẹ ti gé, tí ó sì ti wà nínú ìda fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣì ṣeé yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá DNA inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ju ti sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lọ. Ní 1983, ní Sydney, David Hedley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà rẹ̀ hàn: wọ́n yọ ìda, wọ́n fi pepsin, èròjà tí ikùn fi ń da ẹran, tú sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pa DNA inú wọn láró fún ẹ̀rọ tí ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, nínípọn ẹran tí wọ́n rẹ́ fún iṣẹ́ yìí kò ju 30 nínú rẹ̀ lọ.