Ọ̀bẹ tí bàbá gbé dé láti Àbíjàn ti dógùn-ún: ẹ má tíì gbé e fún oní-fílíńgì o!

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ogún ṣe rí: èkù á là, irin á dógùn-ún, ọmọ tó jogún ẹ̀ kò sì ní í mọ ẹni tí yóò gbé e fún.

Ọ̀bẹ ìdáná kọ́ lọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀ o. Ọ̀bẹ kékeré tó ń ká sínú èkù ara ẹ̀ ni, èyí tí bàbá máa ń kì bọ àpò ṣòkòtò, tó fi ń bó ọsàn, tó fi ń gé okùn ẹrù. Ta ni kò sì mọ̀ pé Àbíjàn ni oko àwọn ọmọ Èjìgbò láti ayé òyìnbó amúnisìn? Faransé ń dán lẹ́nu àwọn míì níbẹ̀ bíi Yorùbá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kọdifúà lọ́dún 2002, tí ìjà ìbò tún dé lọ́dún 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ ló sá wálé. Ẹni tó bá sáré bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lápò ẹ̀ ló ń bá a dé.

Kẹ́ni tó jogún irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Tí èkù bá jẹ́ igi, tí àmì ọwọ́ tó dé adé sì wà lára irin, Opinel nìyẹn, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1890. Ọdún 1955 ni wọ́n fi òrùka sí i lọ́rùn kó má baà ká mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Àwọn kékeré inú wọn kò ní òrùka náà. Tó bá jẹ́ páànù tí wọ́n ká ni èkù ẹ̀, tí àwòrán egúngún kan wà lára ẹ̀, Douk-Douk ni, tí ilé iṣẹ́ Cognet nílùú Thiers bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1929.

Irin méjèèjì mú, ṣùgbọ́n wọ́n tètè ń dógùn-ún. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ oní-fílíńgì ti wọlé. Iná á máa ta pàrà, ọ̀bẹ á máa dán, inú olówó á dùn. Àmọ́ tí ẹnu irin bá ti gbóná débi tó fi yọ àwọ̀ aró, líle ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì kò ní í gé iṣu. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè tún un yan, kó rì í, ṣùgbọ́n irin tó ti tín-ín-rín lè ká tàbí kó sán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kẹrosíìnì ni kí wọ́n rẹ ẹ́ sí mọ́jú, kí wọ́n wá fi sáńpépà tó kúnná fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń jẹ ògùn-ún, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ lára irin, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin fúnra ẹ̀. Oríkèé ń fẹ́ òróró máṣíìnì ìránṣọ, ẹ̀kán kan péré. Epo pupa á dì síbẹ̀ ni. Tí ìṣó oríkèé bá mì, kí wọ́n gbé e lé irin, kí wọ́n fi òòlù kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa ṣí i wò. Ẹni tó bá fi agbára gbá a, ọ̀bẹ ò ní í ṣí mọ́. Èkù igi tó mumi tó wú, ibòji ni kí wọ́n sá a sí, kì í ṣe oòrùn.

Òkúta ìpọ́nbẹ tó tutù ló kù, ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, láìkánjú.

Wàhálà tó ju ògùn-ún lọ wà o. Lọ́dún 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, Privy Council ní London fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá fi ń pín ogún. Ilé ṣeé pín sí ìdí-igi mẹ́ta, ta ló fẹ́ pín ọ̀bẹ kan? Nítorí náà, tí èkù bá bàjẹ́ tó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ẹ̀ wá wò ó, pàápàá tí bàbá bá ha orúkọ sára ẹ̀. Kó sì gba èkù àtijọ́ náà padà lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.