Ìtàn Àràbarà: Wíwò àti Ṣíṣe

Agbalépédogan jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Lomé, olú ìlú orílẹ̀-èdè Tógò. Oríṣiríṣi ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ lè sọ Yorùbá nílé, kí ó sọ èdè Ewe lójú títì, kí ó sì sọ Faransé ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n èdè yòówù kí ọmọdé máa sọ, bí iṣẹ́ ilé-ìwé bá ti parí, ìtàn ló ń fẹ́. Àwọn kan ń fẹ́ ìtàn Ìjàpá lẹ́nu ìyá àgbà. Àwọn kan ń fẹ́ èyí tí wọ́n lè wò nínú fóònù bàbá wọn.

Ìtàn àràbarà ni ìtàn tí ohun tí ojú kò rí rí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà méjì ló ní. Nínú ẹ̀yà kìíní, iwin ń sọ̀rọ̀, igi ń rìn, ẹyẹ sì ń gbé ọmọ lọ sókè ọ̀run. Nínú ẹ̀yà kejì, ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ àrà. Ọkọ̀ ń fò lójú sánmà. Ẹ̀rọ ń ronú bí ènìyàn. Àwọn ènìyàn ń kọ́lé sórí òṣùpá.

Ẹ̀yà kìíní kì í ṣe tuntun rárá láàárín àwọn Yorùbá. Apàlọ́ á ní, “Àlọ́ o!” Àwọn ọmọ á dáhùn pé, “Àlọ̀!” Lẹ́yìn náà ni Ìjàpá á gòkè ọ̀run, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í pé àkàsọ̀ wo ló gbà gùn ún. Ní ọdún 1938, olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ D. O. Fágúnwà tẹ ìwé kan jáde. Orúkọ ìwé náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ọdẹ kan wọ inú igbó tó kún fún iwin. Kò sí àwòrán tó ń rìn nígbà náà nílé ọ̀pọ̀ òǹkàwé, síbẹ̀ wọ́n rí àwọn iwin náà kedere nínú ọkàn wọn.

Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo ìtàn àràbarà. Ìbéèrè náà ni: “Bí ó bá rí báyìí ńkọ́?”

Bí adìyẹ bá lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Kí ni yóò sọ fún ẹni tó fẹ́ pa á jẹ lọ́jọ́ ọdún?

Bí ọkọ̀ bá lè fò ńkọ́? Ta ni yóò lówó láti wọ̀ ọ́? Ta ni yóò máa fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀?

Eré kan wà tó béèrè ìbéèrè kejì yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Iwájú. Ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024 lórí Disney+. Kàtúùnù ni, apá mẹ́fà ló sì ní. Kugali, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀, ló bá ilé-iṣẹ́ Disney ṣe é. Ìlú Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Èkó ti òní. Èkó ọjọ́ iwájú ni, níbi tí ọkọ̀ ti ń fò kọjá lórí ilé.

Ọmọbìnrin kan wà nínú eré náà, Tola ni orúkọ rẹ̀. Olówó ni bàbá rẹ̀. Erékùṣù ni wọ́n ń gbé, nínú ilé ńlá. Tola ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Kole. Kole mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dáadáa, ṣùgbọ́n òdìkejì omi ni ilé rẹ̀ wà, níbi tí owó kò ti tó ná. Bàbá Tola ṣe alángbá kan fún un. Otin ni orúkọ alángbá yìí. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ẹran. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dáàbò bo Tola, nítorí pé àwọn ọ̀daràn wà tó ń jí ọmọ gbé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló fẹ́ràn Otin jù. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tó dára jù nínú eré náà ni pé Tola kò mọ bí àwọn ará òdìkejì omi ṣe ń gbé, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkọ̀ ti ń fò, síbẹ̀ ebi ṣì ń pa ẹlòmíràn.

Eré mìíràn tún wà, Supa Team 4, tó jáde lórí Netflix ní ọdún 2023. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ló ń gba ìlú Lusaka là níbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Sáńbíà.

Báwo ni irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé inú fóònù? Kì í gbé inú fóònù. Ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń ti inú páìpù wá sínú korobá. Bí omi bá dá, korobá kò ní kún. Bí dátà bá tán, Tola á dúró sójú kan pẹ̀lú ẹnu yíyà. Apá tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà, abẹ́ òkun ló gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wáyà gígùn kan tí ilé-iṣẹ́ Google tẹ́ sábẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí Lomé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sáré nínú wáyà náà, òun ló ń gbé àwòrán àti ohùn. Láti orílẹ̀-èdè Pọ́túgà ló ti wá, ó sì lọ dé Gúúsù Áfíríkà. Equiano ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi rántí Olaudah Equiano, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó gba òmìnira, tó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1789.

Wíwo eré dùn, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí kò lè ṣe. Ọmọ tó ń wo Iwájú lè pariwo pé, “Tola, má lọ!” Tola kò ní gbọ́. Ẹni tó kọ ìtàn náà ti pinnu ohun gbogbo kí ọmọ náà tó jókòó.

Irú eré kan wà tí àwọn tó jókòó fúnra wọn ń pinnu. Orí tábìlì ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é. Wọn kì í lo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n ń lò, irú dáìsì tí wọ́n fi ń ta lúdò. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Dungeons & Dragons. Ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé e jáde ní ọdún 1974. Dáìsì tiwọn ju ti lúdò lọ: òmíràn ní ojú mẹ́rin, òmíràn sì ní ogún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Ẹnì kan ni yóò jẹ́ apàlọ́. Òun ni yóò sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tó ń bọ̀. Àwọn yòókù yóò jẹ́ ẹ̀dá inú ìtàn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, yóò ju dáìsì. Bí dáìsì bá gbé 5 tàbí 6, ó ti ṣe é. Bí ó bá gbé 3 tàbí 4, ó ṣe é, ṣùgbọ́n yóò pàdánù nǹkan kan. Bí ó bá gbé 1 tàbí 2, kò ṣeé ṣe, àfi kí ẹlòmíràn wá ràn án lọ́wọ́. Òfin dáìsì olójú mẹ́fà nìyẹn. Ó tó fún àwọn ọmọ kékeré.

Tábìlì pàápàá kò pọn dandan. Iyanrìn pọ̀ ní Lomé. Ẹni tó bá ní igi kékeré lọ́wọ́ lè fi ya òkun, ọ̀nà àti ilé sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin jókòó yí iyanrìn ká lẹ́yìn ilé kan ní Agbalépédogan. Èyí tó dàgbà jù di apàlọ́. Èkejì ní òun ni awakọ̀ ọkọ̀ tó ń fò. Ẹ̀kẹta ní òun ni oníṣègùn tó gbọ́ èdè ẹja. Àbúrò tó kéré jù ní òun ni ọmọńlé. Kì í ṣe alángbá bí Otin: ọmọńlé ni, nítorí pé ọmọńlé lè rìn lára àjà ilé kó má já bọ́. Ó tún ní ẹ̀rọ ni òun. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà fún un.

Apàlọ́ fi igi fa ìlà gígùn sórí iyanrìn. Ó ní, “Ọdún 2100 ni. Òkun ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ní Baguida.”

Apá yìí kì í ṣe àlá lásán. Létíkun Tógò, òkun ń jẹ ilẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti wó ilé àwọn ènìyàn ní ìhà ìlà oòrùn Lomé.

Apàlọ́ ń bá a lọ. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé náà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. Omi ti dé orúnkún wọn. Ọkọ̀ tó ń fò gba ènìyàn márùn-ún péré. Àwọn mẹ́ta tó wá gbà wọ́n là, pẹ̀lú ìyá àgbà àti ọmọ méjì, di mẹ́fà.

Ta ni yóò dúró?

Awakọ̀ kò lè dúró, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè wa ọkọ̀ náà. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, kí wọ́n gbé àwọn ọmọ lọ. Oníṣègùn ní kò ṣeé gbọ́. Wọ́n dákẹ́. Nígbà náà ni àbúrò kékeré sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọńlé kì í jókòó sórí àga, ara ọkọ̀ níta ni òun yóò lẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Apàlọ́ ní kí ó ju dáìsì, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń jà. Dáìsì gbé 2. Ọmọńlé já bọ́ sínú òkun.

Oníṣègùn gba dáìsì. Ó ní òun yóò ké sí àwọn ẹja. Dáìsì gbé 4. Àwọn ẹja gbé ọmọńlé wá, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ ti já.

Àbúrò kékeré ní kò sí wàhálà, ìrù ọmọńlé máa ń hù padà. Òótọ́ ló sọ. Ìrù ọmọńlé tòótọ́ tó já máa ń hù padà. Ṣùgbọ́n apàlọ́ rán an létí pé ẹ̀rọ ni òun. Ẹ̀rọ kì í hù ìrù.

Awakọ̀ ní kí wọ́n lọ ṣa kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ lórí ààtàn, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ tí yóò tẹ ìrù tuntun jáde. Ó lè dà bí àlọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Lomé. Ní ọdún 2013, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kodjo Afate Gnikou ṣa ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn ènìyàn ti sọ nù. Ó tò wọ́n pọ̀ di ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ náà ń yọ́ okùn ike, ó sì ń tò ó lé ara wọn, ìpele lórí ìpele, bí amọ̀kòkò ṣe ń fi amọ̀ lé amọ̀ títí ìkòkò á fi ga. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohun tí yóò mọ fún un. Ó lè mọ ife kékeré. Ó lè mọ ìrù ọmọńlé.