Kí Eyín Tí A Gbìn Tó Ta Gbòǹgbò

Bí ìyá ìyàwó bá ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ nìkáà ọmọ rẹ̀, àlejò lè rò pé ojú ń tì í ni. Àwọn ará ilé ni ó mọ̀ pé eyín iwájú tí ó ká ni kò jẹ́ kí ó lè ya ẹnu. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni í máa bẹ dókítà eyín pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbin eyín tuntun, kí ó sì jinná kí oṣù yìí tó parí.” Ẹ̀bẹ̀ yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí iṣẹ́ dókítà kì í pẹ́ parí, iṣẹ́ egungun ni ó ń gba ọjọ́.

Ìdí eyín tí à ń gbìn jẹ́ irin kékeré kan tí a fi titanium ṣe, tí ara rẹ̀ rí bí bóòtù. Dókítà yóò lu ihò sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì yí irin náà wọlé. Nígbà tí egungun bá hù mọ́ ọn gbágbágbá ni wọ́n sábà máa ń fi eyín lé e lórí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Per-Ingvar Brånemark, ará Súwídìn, ni ó fi ọ̀nà yìí han ayé. Ní 1952, ó fi titanium sínú egungun ehoro láti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́ padà, kò ṣeé yọ mọ́: egungun ti dì mọ́ ọn. Ní 1965, ó gbin irú irin bẹ́ẹ̀ sí ẹnu Gösta Larsson, ọkùnrin kan tí àìní eyín ń yọ lẹ́nu. Títí ọkùnrin náà fi kú ní 2006, irin náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ fi wé igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́. Bí a bá ń mì ín lójoojúmọ́, kò lè ta gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin yìí: bí ó bá ń mì ju bí ó ti yẹ lọ, ẹran rírọ̀ ni ara yóò fi yí i ká dípò egungun, yóò sì yọ níkẹyìn.

Ohun tí ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fífún tí irin fún mọ́ inú ihò ni ó mú un dúró. Lẹ́yìn náà ni ara yóò kó egungun tí ó ti fara pa kúrò, kí ó tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, irin náà lè má dúró tó bí ó ti dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àkókò yìí gan-an ni ìrora sì ti lọ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò wú mọ́, tí aláìsàn ń sọ pé òun ti sàn, tí ó sì ń nawọ́ sí àgbàdo sísun! Ẹ̀yin ìyá wa, ìrora tí ó lọ kì í ṣe ẹ̀rí pé egungun ti jinná.

Oṣù mẹ́ta fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, oṣù mẹ́fà fún ti òkè tí egungun rẹ̀ rọ̀ jù, ni Brånemark fi lélẹ̀. Lóde òní, wọ́n ti mú kí ara irin náà rí ṣákaṣàka kí egungun lè tètè dì í mú, àkókò náà sì lè dín kù fún ẹlòmíràn. Dókítà ni yóò sọ ti olúkúlùkù.

Ti dókítà ni pé kí ó rọra lu ihò náà pẹ̀lú omi tútù, nítorí bí egungun bá gbóná dé ìwọ̀n 47 Celsius fún ìṣẹ́jú kan, ó lè bàjẹ́. Tiwa ni ìwọ̀nyí. Kí a jáwọ́ nínú sìgá, nítorí ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ rí i pé ṣúgà ara òun wálẹ̀. Kí a sọ gbogbo oògùn tí à ń lò fún dókítà, pàápàá oògùn tí ń mú egungun le. Kí a jẹ ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja, kí a má sì fi ìhà ibẹ̀ jẹun. Kí ẹnu mọ́ tónítóní.

Bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò bá tó, dókítà lè fi nǹkan kún un: egungun ara ẹni, ti màlúù, tàbí èyí tí a fi ọwọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n awọ tí wọ́n ń fi bò ó nígbà mìíràn, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú òmíràn jáde. Mùsùlùmí tí èyí kan kò gbọdọ̀ tijú láti béèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀; irú mìíràn wà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìyá ìyàwó tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín láìbo ẹnu, kí ó má dúró di ìgbà tí a bá ti dá ọjọ́ nìkáà. Ọdún tí ó ṣáájú ni kí ó ti lọ rí dókítà. Kí Ọlọ́run Allah fún gbogbo wa ní àlàáfíà àti sùúrù, àmín.