Èwo Ló Ń Fa Omi Rọ́ọ̀gì Jù: Ẹ̀rọ Oníná Ni, Àbí Ẹ̀rọ Elépo?

 Ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀gì ni mo gbé wá sójú pátákó wa lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Físíìsì wà nínú rẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí èèyàn pàápàá wà nínú rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, iṣẹ́ fífọ rọ́ọ̀gì ló ń ṣe. Ó ń lọ fọ̀ ọ́ ní pálọ̀ àwọn èèyàn, ní ọ́fíìsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Owó àjọ tó dá fún odindi ọdún kan ló fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun, ilé wa sì ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kó ra èyí tó ń lo iná mànàmáná. Àwọn kan ní rárá o, pé èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù ló lágbára. Bó bá ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, owó ọdún kan ti wọmi nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé Físíìsì mi, tí mo sì lọ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa, torí abèèrè kì í ṣìnà.

Kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀. Lára àwọn ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé "gas" ló ń lò. Kì í ṣe gáàsì ìdáná inú sìlíńdà o! Bẹntiróòlù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ìta ló ń ṣiṣẹ́

A máa ń sọ pé ẹ̀rọ ń "fa" omi àti ìdọ̀tí. Ká sọ òótọ́, ẹ̀rọ kì í fa nǹkan kan. Ẹ wo bí a ṣe ń fi sítírọ̀ọ̀ mu míníráà. Ohun tí ẹnu wa ń ṣe ni pé ó ń dín afẹ́fẹ́ inú sítírọ̀ọ̀ kù. Afẹ́fẹ́ tó wà níta, tó ń tẹ ojú míníráà náà mọ́lẹ̀, ló wá ń tì í gòkè wá sí wa lẹ́nu. Bí ẹ bá dá ihò kékeré sí sítírọ̀ọ̀ náà lára, ẹ ó fa á títí, díẹ̀ ni yóò wọlé, torí afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ rọ́ọ̀gì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń dín afẹ́fẹ́ inú táńkì rẹ̀ kù, afẹ́fẹ́ ìta á sì sáré gba ẹnu họ́ọ̀sì wọlé, á gbé omi àti ìdọ̀tí dání. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí wúwo ju bí a ṣe rò lọ. Ní etí òkun, ó lè ti mákúrì gòkè nínú túùbù dé sẹ̀ǹtímítà 76. Tó bá jẹ́ omi ni, ó lè tì í gòkè ju mítà 10 lọ díẹ̀. Ibẹ̀ ni òpin rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ náà láyé, ì báà jẹ́ oníná, ì báà jẹ́ elépo, ì báà jẹ́ olówó gọbọi, tó lè fi ìfà gbé omi kọjá ibẹ̀.

Nọ́ńbà méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ẹ̀rọ ti ń ṣìnà nìyí. Nọ́ńbà méjì ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe lágbára tó.

Èkíní ni bó ṣe lè gbé omi gòkè tó nígbà tí a bá dí ẹnu họ́ọ̀sì rẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ ká pè é ní agbára ìgbómi. Èkejì ni iye afẹ́fẹ́ tó ń gbà á kọjá ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹnu họ́ọ̀sì bá ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìṣàn afẹ́fẹ́.

Àwọn méjèèjì kì í pé síbi kan náà. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu họ́ọ̀sì pa, agbára ìgbómi dé góńgó, àmọ́ afẹ́fẹ́ kankan ò kọjá mọ́. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ ń ya wọlé, ṣùgbọ́n agbára ìgbómi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Nígbà míì tí ẹ bá sún mọ́ ẹ̀rọ oníná, ẹ tẹ́tí sí i: bí ẹ bá dí ẹnu rẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè fíìì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló dín kù, torí kò rí afẹ́fẹ́ gbé mọ́, ló bá ń yí sí i.

Kí wá ni èyí kan rọ́ọ̀gì? Agbára ìgbómi ló ń já omi kúrò lára òwú rọ́ọ̀gì. Ìṣàn afẹ́fẹ́ ló ń gbé omi tó ti já náà gba inú họ́ọ̀sì lọ sí táńkì. Bí èkíní bá kéré, omi ò ní jáde nínú òwú. Bí èkejì bá kéré, omi tó ti jáde á tún rọ padà sínú rọ́ọ̀gì.

Ká gbé wọn sórí òṣùwọ̀n

Ẹ̀rọ oníná tí èèyàn lè ti káàkiri, tí mọ́tọ̀ tó dáa kan wà nínú rẹ̀, lè gbé omi gòkè tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 330. Afẹ́fẹ́ tó ń gbà á kọjá ní ìṣẹ́jú kan á sì tó nǹkan bíi lítà 2,800. Ẹ̀rọ elépo ńlá, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń dè mọ́ inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, máa ń fa mákúrì tó sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá sọ ọ́ di omi, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 400. Afẹ́fẹ́ tirẹ̀ lè tó lítà 8,500 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tún un wò dáadáa. Ní ti agbára ìgbómi, elépo kàn fi díẹ̀ ju oníná lọ ni. Ní ti ìṣàn afẹ́fẹ́, ó fi ìlọ́po mẹ́ta jù ú. Ká fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wọ̀n ọ́n: oníná ń gbé afẹ́fẹ́ kẹ́ẹ̀gì 112 ní ìṣẹ́jú kan, elépo ń gbé ti kẹ́ẹ̀gì 340. Ibi tí ìyàtọ̀ wọn wà gan-an nìyẹn.

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé epo ní oògùn tí iná kò ní. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ló ń dá oníná dúró. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa kì í gbé ju áńpíà 13 lọ. Ẹ sọ 13 di ìlọ́po fóòtì 230, ẹ ó rí wáàtì 2,990. Nínú ìyẹn náà ni pọ́ǹpù tó ń tú omi jáde àti ohun tó ń gbóná omi ti máa jẹ. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì epo tó ní agbára ẹṣin 20 ń gbé wáàtì 14,920 jáde, torí agbára ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ oníná náà ò sùn. Wọ́n máa ń fi mọ́tọ̀ méjì sínú òmíràn. Bí wọ́n bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìṣàn afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, agbára ìgbómi ló máa pọ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí olùrà béèrè bí wọ́n ṣe tò ó!

Họ́ọ̀sì lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán

Ẹ má tíì patẹ́wọ́ fún elépo. Inú ọkọ̀ níta ló máa ń wà, rọ́ọ̀gì sì wà ní pálọ̀, bóyá lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gùn kó tó débẹ̀, gbogbo mítà họ́ọ̀sì ló sì ń bu lára agbára náà jẹ. Bí gígùn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń jẹ náà á di ìlọ́po méjì. Ti ìbú ihò rẹ̀ ló tún burú jù. Bí ihò bá fi ìdajì tín-ín-rín sí i, tí ẹ sì fẹ́ kí iye afẹ́fẹ́ kan náà gba ibẹ̀, ohun tó máa jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 32. Oníná ní tirẹ̀ ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́ọ̀gì, họ́ọ̀sì kúkúrú ti tó o. Nítorí náà, bí a bá dé àjà kejì, àlàfo tó wà láàárín wọn ti dín kù gan-an.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun

Ní 1901, ní London, Hubert Cecil Booth rí ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn lu eruku kó lè kúrò. Ó rò ó pé á dáa kí ẹ̀rọ fa eruku ju kó máa fẹ́ ẹ lọ. Ló bá ṣe ẹ̀rọ elépo tó tóbi débi pé ẹṣin ló ń wọ́ ọ. Ojú títì ni wọ́n ń gbé e sí, họ́ọ̀sì gígùn á sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ̀rọ Booth ni wọ́n fi nu kápẹ́ẹ̀tì inú Westminster Abbey nígbà tí wọ́n fẹ́ dé Ọba Edward Keje ládé ní 1902. Lẹ́yìn èyí, ní 1907, James Murray Spangler, ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìtajà kan ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí eruku sì ń yọ ọ́ lẹ́nu torí ó ní ikọ́ fée, fi mọ́tọ̀ fáànù, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí ṣe ẹ̀rọ oníná kékeré.  Èyí ló di irú èyí tó wọ ilé àwọn èèyàn. Agbára ti Booth pọ̀ jù, àmọ́ ti Spangler ló lè wọ yàrá.

Ohun tó lè pa èèyàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ elépo kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé láé. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí fífọ́, òòyì àti oorun ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé ṣíṣí nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ yìí kan oníná náà, torí nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ la máa ń tàn, bẹntiróòlù ló sì ń mu. Ìta gbangba ni àyè rẹ̀, jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ká tún rántí pé "I better pass my neighbour" kò lè gbé irú ẹ̀rọ yìí. Òun fúnra rẹ̀ kò tó wáàtì 1,000.

Èwo wá ni ká rà?

Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ńlá, ilé àpèjẹ tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí ọkọ̀ lè dúró sẹ́nu ọ̀nà, elépo ló dáa jù. Omi rẹ̀ á tètè jáde, ilẹ̀ ò sì ní ṣú bá òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pálọ̀ àti yàrá lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bíi ti Àǹtí, oníná onímọ́tọ̀ méjì, họ́ọ̀sì tó fẹ̀ tí kò sì gùn jù, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e, ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Mo ti sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó sì ní òun á mú ìwé tí mo ṣe ìṣirò náà sí lọ sọ́jà.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ lè dán an wò kó tó sanwó. Ẹ wọn omi sínú garawa, ká ní lítà 10. Ẹ lò ó lórí rọ́ọ̀gì, kí ẹ fà á padà, kí ẹ wá wọn ohun tó wà nínú táńkì ìdọ̀tí. Bó bá jẹ́ lítà 8 ló padà, lítà 2 ṣì wà nínú rọ́ọ̀gì nìyẹn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ kejì, lórí irú rọ́ọ̀gì kan náà, pẹ̀lú họ́ọ̀sì tí ẹ máa lò gan-an. Èyí tó bá dá omi padà jù ni kí ẹ mú. Omi tó kù sínú rọ́ọ̀gì kì í ṣe ohun kékeré: bí kò bá gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́, òórùn á gbòde, ẹni tó ní ikọ́ fée nínú ilé náà ò sì ní lè mí dáadáa.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kó jù ú sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn lẹ́bàá pátákó yìí. A ó dáhùn rẹ̀ nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀.