Ìlò àti Ìpààrọ̀ Ìdè Ìyẹ́ Ìdarí Lára Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Tó Wà Ní Ìdúró

Àṣamọ̀
Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé iṣẹ́ tí ìdè ìyẹ́ ìdarí ń ṣe lára ọkọ̀ òfurufú kékeré, bí a ṣe ń lò ó, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tó bá bàjẹ́ tàbí tó bá sọnù. Ó fi ìjàǹbá méjì tó wáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà hàn pé ohun tí a ṣe láti dáàbò bo ọkọ̀ lè ṣekú pa èèyàn bí a bá gbàgbé láti yọ ọ́.

1.0 Ìfáàrà
Ọkọ̀ òfurufú kékeré kì í wúwo púpọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ lu apá rẹ̀ ní ìdúró, yóò máa gbìyànjú láti gbé e, ìbáà ṣe pé awakọ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi okùn dè é mọ́lẹ̀ lábẹ́ apá méjèèjì àti ní ìdí ìrù. Ṣùgbọ́n okùn wọ̀nyí kò lè mú àwọn ìyẹ́ ìdarí dúró.

2.0 Ìyẹ́ Ìdarí àti Ewu Afẹ́fẹ́
Oríṣi ìyẹ́ ìdarí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkínní wà ní ẹ̀yìn apá kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń mú kí ọkọ̀ fì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Èkejì dùbúlẹ̀ ní ìrù. Òun ló ń gbé imú ọkọ̀ sókè tàbí sódò. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́kọ̀, tó dúró lóòró ní ìrù, tó sì ń darí imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wọn ń yí lójú ìsopọ̀ wọn bí ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn tí a kò tì ṣe máa ń gbá nígbà tí ìjì bá ń jà, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ tí a kò dè ń gbá síwá sẹ́yìn, pàápàá bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá. Ojú ìsopọ̀ lè là, wáyà ìdarí sì lè bàjẹ́ láìhàn síta.

3.0 Bí A Ṣe Ń Lo Ìdè Náà
Nínú Cessna 172, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ìdè náà. A ó kì í bọ ihò tó wà lára ọ̀pá ọwọ́ ìdarí níwájú awakọ̀. Yóò mú ìyẹ́ ẹ̀yìn apá dúró ní ọ̀gangan àárín, yóò sì mú ìyẹ́ ìrù tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó bá ń ti iwájú wá má baà gbé imú ọkọ̀ sókè. Àmì pẹlẹbẹ tó wà lára rẹ̀ máa ń bo ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì sí. Ọgbọ́n ńlá nìyí: ẹni tó bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ìdè náà. Bí ìjì bá le, a tún ń fi ìdè mìíràn de ìtọ́kọ̀ láti ìta. Ní ti àwọn Piper kan, ìgbànú ìjókòó iwájú ni a ń fi de ọwọ́ ìdarí.

4.0 Ìpààrọ̀ Ìdè
Bí ìdè bá sọnù, àwọn kan a máa fi ìṣó tàbí irin lásán rọ́pò rẹ̀. Irin náà lè mú ọwọ́ ìdarí dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní àmì tí yóò bo ojú kọ́kọ́rọ́. Ìdajì iṣẹ́ ìdè ni ó ń ṣe: ó ń dènà afẹ́fẹ́, kò sì kìlọ̀ fún awakọ̀. Nítorí náà, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fọwọ́ sí ló yẹ kí a fi pààrọ̀ rẹ̀. Ìdè ìta gbọ́dọ̀ ní aṣọ pupa gígùn tí ojú yóò tètè rí, kí ohun rírọ̀ sì wà nínú rẹ̀ kí ó má baà ha ara ìyẹ́. Èyí tó bá ti tẹ̀ tàbí tó ti là kò yẹ ní lílò mọ́.

5.0 Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìjàǹbá
Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1935, Boeing Model 299 já lulẹ̀ ní Wright Field, ìpínlẹ̀ Ohio, nítorí pé wọn kò tú ìdè ìyẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbéra. Ployer Hill àti Leslie Tower kú. Lẹ́yìn èyí ni lílo ìwé àyẹ̀wò kí ọkọ̀ tó gbéra di àṣà láàrin àwọn awakọ̀ ológun Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Gulfstream IV kan sáré kọjá òpin ojú ọ̀nà ní Bedford, ìpínlẹ̀ Massachusetts, tòun ti ìdè rẹ̀. Àwọn 7 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Àwọn olùwádìí rí i pé nínú ìgbéra 175 tó ṣáájú, àwọn awakọ̀ náà kò ṣe àyẹ̀wò ìyẹ́ ìdarí ní kíkún nínú ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé àyẹ̀wò wà. A kò tẹ̀ lé e ni.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ó yẹ kí awakọ̀ yí ọkọ̀ ká, kí ó tú gbogbo ìdè kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó sì yí ọwọ́ ìdarí dé òpin ní gbogbo ọ̀nà kí ó tó gbéra, kí ojú rẹ̀ sì rí i pé ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lọ síbi tó yẹ. Bí ìjì bá ti jà mọ́jú, kí a yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wò. Àyẹ̀wò yìí kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ni ó ń dáàbò bò.