Àlàfo Inú Àkọsílẹ̀: Bí Èdè C Ṣe Ń To Ẹrù Sínú Iyè Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kéré lójú. Kò ju ti báìtì mẹ́ta tàbí méje tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí lọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí ó pé pérépéré lórí ẹ̀rọ kan ti ń di jágbajàgba lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ibẹ̀ náà ni àṣírí sì ń gbà jò. Èrò mi ni pé bí ẹ̀rọ kan ṣe to àkọsílẹ̀ sínú iyè rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹ̀rọ náà, a kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde bẹ́ẹ̀ fún ará ìta.

Èdè C jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ètò mìíràn, tí n ó máa pè ní atúmọ̀, ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí a kọ di èdè ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi iyè kọ̀ǹpútà wé àdúgbò gígùn kan tí báìtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ojúlé tirẹ̀, láti orí 0 lọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan, tí C ń pè ní char, gba ojúlé kan. (Mo ní ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ẹ tiwa tí ó ní àmì nísàlẹ̀ ń gba báìtì mẹ́ta ní ìlànà UTF-8, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Odidi nọ́ńbà, int, ń gba ojúlé mẹ́rin lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ òde òní. Nọ́ńbà oní-dẹ́símà tí ń jẹ́ double ń gba mẹ́jọ.

Ẹni tí ó bá ti ta ayò rí yóò tètè mọ ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ náà rú. Nígbà tí òǹtayò bá fẹ́ kó ọmọ láti fi ta, odidi ilé kan ni ó ń kó; kì í mú méjì nínú ilé kan kí ó tún fi méjì inú ilé kejì kún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń bu ọ̀rọ̀ nínú iyè. Bí int kan bá bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé 1, tí ó sì parí ní ojúlé 4, ó ti tẹ ilé méjì. Lórí àwọn PDP-11 tí Dennis Ritchie lò ní Bell Labs nígbà tí ó ń ṣe èdè C ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bí ètò bá béèrè ọ̀rọ̀ báìtì méjì láti ojúlé 1, 3 tàbí 5, ẹ̀rọ a kọ̀ jálẹ̀. Motorola 68000, tí ó jáde ní 1979, ṣe bákan náà. Àwọn ẹ̀rọ ìdílé Intel x86 máa ń fara dà á, ṣùgbọ́n ó lè dá wọn dúró díẹ̀ bí ẹrù bá tẹ ààlà báìtì 64 kọjá.

Nítorí náà ni atúmọ̀ ṣe ń tẹ̀lé òfin ojúlé: kí int bẹ̀rẹ̀ níbi tí 4 lè pín láìṣẹ́kù, kí double bẹ̀rẹ̀ níbi tí 8 lè pín. Bí ààyè kò bá bọ́ sí i, atúmọ̀ a fi àlàfo sílẹ̀. Ká ní a kọ struct kan fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ní char fún ìpele rẹ̀, double fún máàkì rẹ̀, àti char mìíràn fún ẹ̀ka rẹ̀. Ìpele wà ní 0, àlàfo méje tẹ̀lé e, máàkì gba 8 dé 15, ẹ̀ka wà ní 16, àlàfo méje mìíràn sì parí rẹ̀, kí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ̀lé e lè bọ́ sójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ di báìtì 24 fún ẹrù báìtì mẹ́wàá. Bí a bá kọ máàkì ṣáájú, ó di 16. Fún akẹ́kọ̀ọ́ 1,000,000, mílíọ̀nù báìtì mẹ́jọ ni a fi ìyípadà ìlà kan gbà padà. Atúmọ̀ kò lè bá wa ṣe é, nítorí pé òfin èdè C tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1989 ní kí ẹrù tẹ̀lé ara wọn bí a ti kọ wọ́n. Èdè Rust, tí ó jẹ́ àbúrò, gba atúmọ̀ rẹ̀ láyè láti tún un tò, àyàfi bí a bá ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìfiṣòfò ààyè kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ wo struct tí ó ní int fún nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti double fún máàkì. Ní ìlànà Linux fún àwọn ẹ̀rọ Intel oníbíìtì 32, double inú struct lè bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé 4, struct náà sì jẹ́ báìtì 12. Lórí àwọn oníbíìtì 64, ó di 16, nítorí pé ojúlé 8 ni máàkì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ àtijọ́ bá da struct yìí sínú fáìlì bó ṣe wà, tí tuntun sì kà á bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò pè ní máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kìíní ni ìdajì máàkì rẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kejì. Ẹ̀rọ kò ní pariwo. Nọ́ńbà kan ṣáà ni yóò jáde.

Àlàfo náà kì í sì í ṣe òfìfo. Ohunkóhun tí ètò ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí Linux bá ṣe ẹ̀dà struct láti inú ọkàn rẹ̀ fún ètò aṣàmúlò, àjẹkù yìí a bá a jáde. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ti tún un ṣe, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a fi memcmp mọ̀ bóyá struct méjì dọ́gba: ẹrù wọn lè bára mu kí àlàfo wọn máà bára mu.

Àwọn kan a máa ní kí a pàṣẹ fún atúmọ̀ GCC pé kí ó fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìsí àlàfo. Èmi kò fara mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, nítorí pé ó ń dá ìyọnu ojúlé tí òfin mú kúrò padà. Kí a kọ ẹrù kọ̀ọ̀kan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì sọ báìtì tí yóò ṣíwájú. Nínú ẹ̀rọ, kí a fi offsetof wo ibi tí ẹrù bọ́ sí, kí a sì fi _Static_assert, tí ó wọ èdè náà ní 2011, sọ fún atúmọ̀ pé struct yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ 16. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe túmọ̀ ètò náà rárá.